Ta ló ti mu àgbo mọ́ oògùn ọsibítù rí? Ẹ wá sọ tiyín

Àbẹ̀kẹ́ Ìjẹ̀bú
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú láti àná. Màmá mi ti pé ẹni ọdún 67. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà, ìtọ̀ súgà wà, oṣooṣù ni wọ́n ń lọ gba oògùn ní ọsibítù ìjọba, wọn kì í pa á jẹ. Àná ni mo nawọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn láti fa àpótí aṣọ jáde, ni mo bá rí ìgò mẹ́ta. Ọ̀kan jẹ́ àgbo jẹ̀dí, ọ̀kan jẹ́ ti ìtọ̀ súgà, ẹ̀kẹta ò lórúkọ, ó kàn dúdú bí ọ́ìlì tí wọ́n tú nínú ẹ́ńjìnì ni. Mo ní, "Mà, ṣé dókítà mọ̀ sí èyí?" Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Kó lè lé mi jáde, àbí?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti mu àgbo mọ́ oògùn ọsibítù rí, tàbí tí ará ilé rẹ̀ mu ún, kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ẹ sọ fún dókítà àbí ẹ dákẹ́?

Táíwò Mushin
Ta ni kò mu ún rí nínú wa? Kó nawọ́ sókè ká rí i.

Bàbá Pẹ̀lúmi
Agbo ki i pa eeyan. Ohun tí Ọlọ́run dá ni ewé. Oògùn òyìnbó tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe ni kẹ́ ẹ máa bẹ̀rù.

Jagun Ọ̀yọ́
Bàbá Pẹ̀lúmi, agbo àgùntàn kì í pa èèyàn lóòótọ́. Bó bá jẹ́ àgbo mímu lẹ ń sọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi àmì sí i.

Bàbá Pẹ̀lúmi
Fóònù ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, Jagun. Ẹ ṣáà mọ èyí tí mò ń sọ.

Rẹ̀mí Ọ̀ṣogbo
Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa. Ó ti tó ọdún mẹ́rin, n kò sì tíì sọ ọ́ lójú èèyàn púpọ̀ rí.

Bàbá mi ni. Ìtọ̀ súgà ni wọ́n ní, hóró oògùn méjì ni wọ́n ń lò lójúmọ́, ara wọn sì ń yá díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rẹ́ wọn kan ní mọ́ṣáláṣí ló júwe ìyá kan fún wọn nítòsí Ọjà Ọba. Ìyá yẹn fún wọn ní ewúro tí wọn ò fọ̀, egbò kan tí mi ò mọ̀ títí dòní, àti omi ọsàn wẹ́wẹ́, ó ní ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́. Ife wo? Kò sọ. Bàbá ń fi kọ́ọ̀bù tí wọ́n fi ń mu tíì bù ú, ẹ sì mọ bí kọ́ọ̀bù àwọn bàbá wa ṣe ń tóbi.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, súgà wálẹ̀. Inú wọn dùn, wọ́n ní, "Ẹ rí i? Ewé ń jẹ́." Wọn ò sì fi hóró oògùn sílẹ̀ o, méjèèjì ni wọ́n ń lò pọ̀. Ó di ọjọ́ Jímọ̀ kan. Wọ́n lo oògùn, wọ́n mu àgbo, wọ́n ní ebi ò pa àwọn, àwọn á jẹun tí àwọn bá ti kírun dé. Mo wà nídìí ilá tí mò ń rẹ́ nígbà tí mo gbọ́ gbì! Mo sáré wọlé. Òógùn ti bò wọ́n bí ẹni tí wọ́n da omi lé lórí, jálàbíà funfun tí wọ́n wọ̀ ti lẹ̀ mọ́ àyà wọn, ojú wọn là sílẹ̀, wọ́n ń wò mí, wọn ò sì mọ̀ mí. Orúkọ àbúrò wọn obìnrin tó ti kú ni wọ́n fi ń pè mí.

A gbé wọn dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì béèrè pé, "Kí ni Bàbá lò lónìí?" Mo la ẹnu. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Oògùn tí dókítà kọ fún wọn nìkan ni." Wọ́n gún wọn níka, súgà ti já wálẹ̀ dé 38. Wọ́n fa omi súgà sí wọn lára, wọ́n sì jí. Kò pé wákàtí kan, ó tún já. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló já lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Dókítà ń wo káàdì, ó ń gbọn orí, nítorí oògùn tó wà lórí káàdì yẹn kò tó ohun tó ń rí.

Ó ti kọjá aago méjìlá òru kí n tó tẹ̀lé nọ́ọ̀sì jáde sí kọ́rídọ̀, kí n tó sọ fún un. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Ẹ bá ti sọ nígbà tẹ́ ẹ dé," ó sì kọ ọ́ sínú fáìlì lójú mi. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń yẹ súgà wọn wò ní wákàtí wákàtí, ọjọ́ méjì gbáko.

Bàbá wà láyé. Wọ́n ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́ bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ lára mi.

Ìyá Ìbejì
Subhanallah.

Táíwò Mushin
38! Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run o.

Jagun Ọ̀yọ́
Rẹ̀mí, ẹ kú ewu. Ṣùgbọ́n ẹ má dẹ́bi fún ewúro. Láti kékeré la ti ń fi ọbẹ̀ ewúro jẹ iyán, súgà ta ló já? Egbò tí ẹ ò mọ̀ yẹn ni kí ẹ mú.

Ìyá Ìbejì
Ewúro tí a fọ̀ tí ìkorò rẹ̀ ti lọ la fi ń sebẹ̀, Jagun. Ẹni tó ń fún un mu láìfọ̀ ń mu nǹkan mìíràn ni.

Jagun Ọ̀yọ́
Ní Ọ̀yọ́ a kì í fọ̀ ọ́ títí tí ìkorò á fi tán. Ewúro tí kò korò, kí la fẹ́ pè é? Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀?

Ìyá Ìbejì
Ẹ máa jẹ ẹ́ ní kíkorò. Àwa ń fọ tiwa.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Kẹta
Mo fẹ́ fèsì fún Rẹ̀mí, nítorí irú alẹ́ yẹn, mo ti wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, apá kejì tábìlì ni mo sì máa ń wà.

Ó ti di ọdún 11 tí mo ti wà ní wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà. Ewúro wà lára ohun tó lè fa súgà wálẹ̀, Jagun, ó sì hàn nínú ìwádìí tí wọ́n fi ẹranko ṣe. Ọbẹ̀ kọ́ ni wàhálà. Ife ńlá kan láàárọ̀, ife ńlá kan lálẹ́, kí oògùn tí iṣẹ́ tirẹ̀ náà jẹ́ láti fa súgà wálẹ̀ tún wà nínú, kí èèyàn má sì jẹun lé e: méjì ń fa okùn kan náà síbì kan náà nìyẹn. Kò sí ẹni tó burú nínú àwọn méjèèjì. Àpapọ̀ wọn ló gbé Bàbá ṣubú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí wọ́n ṣe kọ́ wa la ṣe ń béèrè: "Ṣé ẹ lo oògùn ìbílẹ̀?" Gbogbo èèyàn ló ń dáhùn pé rárá. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń rùn ewé ń ní rárá. Ẹ sì mọ ìdí ẹ̀. Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ kòbákùngbé ni wọ́n máa fi pàdé rẹ̀ lójú gbogbo wọ́ọ̀dù: "Ẹ ò bá dúró sọ́dọ̀ alágbo yín, kí lẹ wá ṣe níbí?" Mo ti gbọ́ ọ létí, mo sì ti sọ ọ́ lẹ́nu èmi náà. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí mo sọ ọ́ sí.

Nísinsìnyí mo ti yí ìbéèrè náà padà. Mo máa ń jókòó, màá kí wọn, màá ní, "Mà, àgbo wo lẹ mu kẹ́yìn?" bí ẹni pé mo ti mọ̀ pé wọ́n mu ún. Ìdáhùn á máa tú jáde: ti jẹ̀dí, ti ibà, èyí tí wọ́n rẹ sínú ọtí, èyí tí aládùúgbò bù fún wọn. Màá kọ gbogbo rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún tó ń mu omi aáyù ní ìdajì ìgò lójúmọ́, a gbọ́dọ̀ mọ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè má tètè dá. Ẹni tí ojú rẹ̀ pọ́n yòò, tàbí tí kídìnrín rẹ̀ ń daṣẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe àgbo ló máa ń fà á ní gbogbo ìgbà. Ṣùgbọ́n báwo la ṣe fẹ́ mọ̀?

Bàbá Pẹ̀lúmi
Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé tí ẹ tọrọ àforíjì. Ẹ̀yin ni mo máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín.

Ọmọ Alágbo
Mo ti ń ka eléyìí láti òwúrọ̀, ó sì yẹ kí ẹnìkan gbẹnu sọ fún àwọn ìyá wa.

Ìyá mi ta àgbo ní gáréèjì l'Ékòó fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Àgbo ló rán mi nílé ìwé, àwa mẹ́rin ló rán. Aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n ń jí. Wọ́n á ṣa ewé lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí kòkòrò bá jẹ tàbí tó bá ti ń pọ́n, wọ́n á gbé e sọnù. Wọ́n á fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á to egbò sísàlẹ̀ ìkòkò, èèpo igi lé e, ewé lókè pátápátá, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dé e kí wọ́n tó gbé ọmọrí lé e. Bí a bá gbé ọwọ́ wa tí kò mọ́ sún mọ́ ìkòkò yẹn, a ti gba ìfọ́tí.

Awakọ̀ á dé, á ní "Ìyá, ẹ fún mi ní ti ọ̀pá ẹ̀yìn." Ìyá mi á bi í pé: "O jẹun? Ò ń lo oògùn kankan? O fẹ́ wakọ̀ báyìí?" Bó bá fẹ́ wakọ̀, olómi ni wọ́n máa fún un, wọn ò ní fún un lọ́lọ́tìí. Aboyún? Wọn kì í tà fún aboyún, bó ti wù kó bẹ̀ wọ́n tó. Nígbà tí Lagos State Traditional Medicine Board pe àwọn oníṣègùn fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, wọ́n wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lọ, wọ́n sì gbé ìwé tí wọ́n fún wọn kọ́ ògiri. Ibẹ̀ ló wà títí tí wọ́n fi kú.

Àwọn tó ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni àwọn tó ń lọ oògùn ìrora òyìnbó mọ́ àgbo kí oníbàárà lè ní "ó jẹ́ lójú ẹsẹ̀." Ìyá mi máa ń sọ pé àgbo tó bá jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́mísìtì ló ti wá, kì í ṣe igbó. Mo bẹ̀ yín, ẹ má pa wọ́n pọ̀ mọ́ ìyá mi.

Rẹ̀mí Ọ̀ṣogbo
Ká ní irú ìyá yín la bá pàdé ni. Ìyá tiwa kò bi Bàbá ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Àbẹ̀kẹ́ Ìjẹ̀bú
"Kẹ́mísìtì ló ti wá, kì í ṣe igbó." Màá sọ ọ́ fún Màmá gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́. Ẹ̀kẹta tó dúdú yẹn, wọ́n ní kíá ló ń ṣiṣẹ́ lórí orúnkún wọn.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Kẹta
Àbẹ̀kẹ́, gbé ìgò yẹn kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lónìí. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru ni wọ́n, àwọn oògùn ìrora kan ń gbé ẹ̀jẹ̀ ga, wọ́n sì ń ba kídìnrín jẹ́. Má dà á nù o. Gbé e dání lọ fún dókítà.

Ṣọlá K
Kí gbogbo wa kàn máa ra èyí tó ní nọ́ńbà NAFDAC lára. Ọ̀rọ̀ parí.

Bọ̀dé Ifẹ̀
Kò tíì parí, Ṣọlá. Ọ̀pọ̀ oògùn ewé tó ní nọ́ńbà, ẹ wo ìparí rẹ̀, lẹ́tà L ni ẹ máa rí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n rí i pé kò dà bí ohun tó máa ṣe èèyàn ní jàǹbá. Wọn ò tíì ní ó ń wo àrùn tí wọ́n kọ sí i lára. Ó wà lára páálí gan-an pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí ẹni tó ṣe é sọ wò. Ẹ ka lẹ́tà wẹ́wẹ́.

Iṣẹ́ apoògùn ni mo kọ́ ní Ifásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ lórí àgbo ibà tí wọ́n ń pè ní MAMA. Ewé mángòrò ni M àkọ́kọ́, èèpo ahùn ni A, ewé oruwo ni M kejì, dóńgóyárò ni A tó gbẹ̀yìn. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe igi wọ̀nyẹn ni wọ́n ti mú lẹ́tà rẹ̀. Gbogbo ìyá alágbo ló mọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tí Ifẹ̀ fi kún un ni òṣùwọ̀n: ewé mélòó ní gíráàmù, omi mélòó, kí ló ń ṣe parasáìtì ibà lára eku, ìwọ̀n wo ló di májèlé.

Ọjọ́ kìíní tí mo wọ láàbù, mo ti bu ewé sínú bíkà tán kí olùkọ́ wa tó dé. Wọ́n ní kí n dà á padà. Wọ́n ní "Kí n tó mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́, mo fẹ́ mọ iye tí o bù." Kò sí ọjọ́ tí mo wọn oògùn fún èèyàn tí n kì í rántí rẹ̀.

Jagun Ọ̀yọ́
Bọ̀dé, ẹ ò sọ ti orín àta.

Bọ̀dé Ifẹ̀
A! Ẹ ṣé. Orín tí àwọn bàbá wa fi ń rin eyín ni. Ifẹ̀ náà ni, bíi 1970 sí 1971. Wọ́n ń wò ó bóyá ó lè pa kòkòrò ẹnu, inú àwo tí ẹ̀jẹ̀ wà ni wọ́n sì ti ń wò ó. Wọ́n ṣàkíyèsí pé ẹ̀jẹ̀ tó wà nítòsí omi orín àta kò yí àwọ̀ padà bí ìyókù. Ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ronú kan àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde, nítorí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ló ń ká níbẹ̀. 1971 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde pé gbòǹgbò rẹ̀ ń da sẹ́ẹ̀lì tó ti ká padà sípò nínú tíúbù.

Ṣọlá K
Nínú tíúbù. Tó bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò sí ní ọsibítù ìjọba kankan láti 1971?

Àjíkẹ́ SS
Ṣọlá, ìbéèrè yẹn kàn mí. SS ni mí, mo ti lé ní ogójì ọdún, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dáhùn fúnra mi.

Òmíràn wà tó dé ibi tí orín àta kò dé. Pásítọ̀ Ogunyale, láti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ níbí, ló ni àgbo kan tí ìdílé wọn fi ń tọ́jú àwọn bí èmi. Iyèré, osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà ló wà nínú rẹ̀. Ó gbé e fún NIPRD, iléeṣẹ́ ìwádìí oògùn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdú, Àbújá. Wọ́n dán an wò lára ẹranko, wọ́n dán an wò lára èèyàn, wọ́n pè é ní Niprisan. Ní 2006, NAFDAC fi òǹtẹ̀ lù ú, ó di kápúsù, ó ń jẹ́ Nicosan.

Mo lò ó. Mi ò ní sọ pé ó wò mí sàn, nítorí kò wò mí sàn, SS ni mo ṣì jẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ni mo dùbúlẹ̀ ọsibítù. Ọdún tó ṣáájú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni. Mo lọ síbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi, mo jó. Ẹni tí kì í bá ṣe SS ò ní mọ ohun tí "mo jó" jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni mo dé ilé oògùn, wọ́n ní kò sí. Oṣù kejì, kò sí. Iléeṣẹ́ ará Amẹ́ríkà tó gba àṣẹ láti máa ṣe é ti wọ gbèsè, ó kógbá wọlé ní 2008. Màmá mi gba Ọjà Bódìjà lọ ra iyèré, osùn àti kànáfùrù, wọ́n fẹ́ máa sè é fún mi nílé. Mo sunkún, nítorí wọn ò mọ ìwọ̀n rẹ̀, èmi náà ò sì mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń béèrè ìdí tí kò fi sí ní ọsibítù, ewé ò kọ̀ láti jẹ́. Owó ló kọ̀.

Ìyá Ìbejì
Àjíkẹ́ mi. Mo ń sunkún níbí.

Ṣọlá K
Ẹ má bínú, Àǹtí Àjíkẹ́. Mi ò mọ̀.

Ọmọ Alágbo
Àwọn àgbà ní oògùn tí a kò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ló ń gbé. Èyí tí wọ́n tilẹ̀ fowó ṣe náà tún padà sẹ́yìn ààrò.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Kumasi
Ẹ wá wo Ghana o. Láti 2001 ni ifásitì KNUST tó wà níbí ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní dìgírì oògùn ewé, láti nǹkan bí ọdún 2012 sì ni àwọn ọsibítù ìjọba kan ti ní yàrá fún oògùn ewé. Ikọ́ ló gbé mi lọ. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n gbọ́ àyà mi, dókítà ewé yẹn wọ aṣọ funfun bíi ti àwọn yòókù. Ó ní ohun tó wà nínú àyẹ̀wò mi kọjá ti ewé, ó kọ ìwé, ó ní kí n gba yàrá kejì lọ. Kò ju ìrìn ogún ẹsẹ̀ lọ láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Kẹta
Ogún ẹsẹ̀ yẹn ni mò ń wá.

Ará Àrò
Ẹ̀yin ń lọ sí Ghana, nǹkan yìí ti wà l'Ábẹ́òkúta rí o. 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Àrò. Kò ní kí wọ́n ti alárùn ọpọlọ mọ́lé. Ìbátan rẹ̀ kan á tẹ̀lé e wá, àwọn méjèèjì á gba yàrá nílé àwọn ará abúlé, aláìsàn á máa lọ gba ìtọ́jú, á sì máa padà sáàárín èèyàn. Ó sì gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ síṣẹ́ láti bá a ṣe é. Lẹ́yìn náà, ó di igbákejì olùdarí àgbà àjọ ìlera àgbáyé.

Ìyá mi àgbà wà lára àwọn tó fún wọn ní yàrá. Wọ́n ní ọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ àwọn tí kò sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ṣáà máa ń bá wọn gbo ẹ̀fọ́ láàárọ̀. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ìyá, iyọ̀ ò tó." Gbogbo ilé ló hó yèè.

Bàbá Pẹ̀lúmi
Oníṣègùn tí wọ́n gbà yẹn, ṣé ewé nìkan ni wọ́n lò àbí wọ́n ń pọfọ̀? Kristẹni ni mí.

Jagun Ọ̀yọ́
Ewé tí wọn ò pè lórúkọ, báwo ló ṣe fẹ́ jẹ́?

Bàbá Pẹ̀lúmi
Ó ń jẹ́ nínú tíúbù Bọ̀dé láìsí ọfọ̀.

Bọ̀dé Ifẹ̀
Ẹ má fà mí sí i o. Ṣùgbọ́n asofẹ́yẹjẹ tí àwọn oníṣègùn fi ń tọ́jú wèrè, reserpine wà nínú rẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ di oògùn òyìnbó fún ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ti fi tọ́jú àrùn ọpọlọ náà. Ó ń fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, bí wọ́n pọfọ̀ sí i tàbí wọn ò pọfọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹlẹ́jẹ̀ ríru tó ń lo oògùn kò fi gbọ́dọ̀ mu ún láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Jagun Ọ̀yọ́
Ẹni tó ń pọfọ̀ sí i náà ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ro egbò rẹ̀. Ẹ bu ọlá fún un.

Ewé Bahia
Salvador ni mo wà, ní Brazil, ẹ̀kọ́ ló gbé mi wá. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé òrìṣà níbí, obìnrin arúgbó kan nawọ́ sí igi kan, ó ní "peregum". Pèrègún! Ẹ̀yìn òkun ni mo wà o. Wọ́n ń sọ ọ́ níbí pé "kò sí ewé, kò sí òrìṣà", ní Yorùbá gan-an.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ọsibítù wọn. Ní Fortaleza, 1983, Ọ̀jọ̀gbọ́n Francisco José de Abreu Matos dá Farmácia Viva sílẹ̀: wọ́n ń gbin ewé tí wọ́n ti yẹ̀ wò, wọ́n ń ṣe é lóògùn, wọ́n ń fún aláìní. Ní 2006, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò jáde fún oògùn ewé nínú SUS, ìyẹn ètò ìlera ọ̀fẹ́ wọn. Oògùn ewé méjìlá ló wà nínú ìwé oògùn ìjọba. Nígbà tí mo ń húkọ́, ibùdó ìlera àdúgbò fún mi ní omi guaco, ewé ibí ni. Ṣíbí wà nínú páálí, ìlà wà lára ṣíbí. Kọ́bọ̀ wọn ò gbà.

Táíwò Mushin
Ìlà wà lára ṣíbí. Rẹ̀mí, ẹ wo ṣíbí o, ẹ wo kọ́ọ̀bù Bàbá.

Ṣadé Peckham
Ní London níbí, ẹ̀ẹ̀mejì ni apoògùn bi mí pé ṣé mò ń lo egbòogi kankan. Mo ní rárá, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ní òun ò fẹ́ bú mi, St John's wort tí àwọn òyìnbó fúnra wọn ń rà fún ìrònú máa ń sọ oògùn ìfètòsọ́mọbíbí di aláìlágbára, ìdí tí òun fi ń béèrè nìyẹn. Ó ya mí lẹ́nu pé àwọn náà ní àgbo tí wọ́n ń fi pamọ́. Mo ṣí báàgì, mo kó tèmi lé tábìlì. Ó bi mí bí wọ́n ṣe ń pe "jẹ̀díjẹ̀dí", ó sì kọ ọ́.

Ìyá Ìbejì
Ṣé ó kọ ọ́ dáadáa?

Ṣadé Peckham
Ó kọ "jedi". Mo jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Jagun Ọ̀yọ́
Láìfàmì sí i.

Àbẹ̀kẹ́ Ìjẹ̀bú
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ka ti Rẹ̀mí sí Màmá létí lálẹ́ àná. Nígbà tí mo dé ibi tí Bàbá ń pe orúkọ àbúrò wọn tó ti kú, wọ́n ní kí n dúró ná. Wọ́n jókòó. Wọ́n ní àwọn náà ti ń làágùn láàárọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn rò pé ooru ni.

Mo ti gbé wọn lọ sí ibùdó ìlera tó wà nítòsí kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n gún wọn níka, 61. Wọ́n fún wọn ní nǹkan dídùn mu, wọ́n sì ní ká dé ọ̀dọ̀ dókítà wọn láàárọ̀ ọ̀la. Ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà nínú báàgì. Mo kọ ọ́ sí ìwé bí Nọ́ọ̀sì ṣe máa ń ṣe: èyí wo, ife wo, ìgbà wo. Màmá fúnra wọn ló gbé ife náà fún mi kí n fi sínú báàgì.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Kẹta
Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sùn láìjẹun lálẹ́ yìí. Ẹ sì tún yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sùn, bí ẹ bá rí ẹ̀rọ yá.

Ọmọ Alágbo
Ẹ bi wọ́n bóyá ìkẹrin wà níbòmíràn. Mo mọ àwọn ìyá wa.

Àbẹ̀kẹ́ Ìjẹ̀bú
Ó wà. Ẹ̀yìn fìríìjì.